Bàbá Tó Jókòó Sáàárín Ọ̀nà

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ló ní kí n kọ ìwé yìí. Ó ní àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ń wá ẹni tí yóò là wọ́n lóye nípa iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n kọ́, pé èmi tí mo fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ya fótò ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Tíṣà, èmi yìí náà ni ẹ fẹ́ kó la ẹlòmíràn lóye?" Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá. Iṣẹ́ yìí bọ́ mi, ó kọ́lé fún mi, ó fún mi níyàwó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ ni kò yé mi títí di òní olónìí. N óò sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá rú ẹ̀yin náà lójú, a ti di ẹgbẹ́ nìyẹn.

Òkè-Ẹlẹ́rìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá mi, káfíńtà ni lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ní míṣọ̀n, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí n di olùkọ́. Ó rán mi lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kan pé kí n lọ gbé àpótí tí òun kàn fún ọ̀rẹ́ òun nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Ọ̀rẹ́ yìí ni mo wá ń pè ní Ọ̀gá. Ó ga, ó tín-ínrín, Áńgílíkà ni, Èkó ló sì ti kọ́ iṣẹ́ fótò. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ń ya ìyá kan tó jókòó sórí àga. Orí rẹ̀ wà nínú aṣọ dúdú lẹ́yìn kámẹ́rà. Bó ṣe yọrí jáde ló rí i pé ẹnu mi là sílẹ̀, ó ní kí n wá wò ó.

Mo kó orí bọ abẹ́ aṣọ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá náà ti dorí kodò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àga lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, gèlè rẹ̀ kò sì já bọ́. Mo sáré yọrí jáde. Ìyá náà jókòó jẹ́jẹ́, ó ń fi ọwọ́ lé eṣinṣin. Mo tún wọlé, ó tún ti dorí kodò.

Mo ní, "Sà, ta ló dorí wọn kodò?"

Ọ̀gá ní, "Bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń ríran nìyẹn."

"Kí ló dé tí kò ríran bí ojú èèyàn?"

"Ojú tìrẹ náà ńkọ́? Ta ló sọ fún ọ pé bó ṣe yẹ ló ń ríran?"

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wá sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ fótò tí kò yé mi yìí ni mo fẹ́ kọ́. Bí bàbá mi ṣe bínú, àti bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn mi, kò ní adùn létí, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Fún ọdún kan gbáko, gíláàsì ni mo nù. Fíìmù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, orí àwo gíláàsì ni àwòrán ń hàn sí, a sì máa ń fọ àwọn tó ti bàjẹ́ láti fi ṣe férémù. Bí mo bá nù ún tán, Ọ̀gá yóò mí hàà sí i lára. Bí èémí rẹ̀ bá gbé ipa ìka kan ṣoṣo jáde, odidi àpótí gíláàsì ni n óò tún fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló mú mi wọ yàrá òkùnkùn, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ìdàrúdàpọ̀ kejì. Lára gíláàsì, ohun gbogbo ti yí padà: aṣọ funfun a dúdú kirikiri, òjìji a sì mọ́ gaara bí ojú fèrèsé. Ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nínú oòrùn ni dúdú yóò tó padà di dúdú. Ọ̀gá kọ́ mi bí a ṣe ń fi abẹ ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ họ ohun tí a kò fẹ́ kúrò lára gíláàsì, àpá ojú, eyín tó yọ síta, àti bí a ṣe ń fi pẹ́ńsù kun ibi tó mọ́ jù.

Ọwọ́ Ọ̀gá le. Ṣùgbọ́n òfin tó le jù lọ́dọ̀ rẹ̀ kò kan gíláàsì. Òfin náà ni pé o kò gbọdọ̀ ṣí ojú ẹ̀rọ sí ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kí i. Kì í ṣe kíkí ẹnu lásán o. Wàá dọ̀bálẹ̀ bó bá jù ọ́ lọ, wàá sọ fún un pé o fẹ́ yà á, wàá dúró kó lọ múra, bó bá wá jókòó tán, wàá tún wí pé "Ẹ kú ìjókòó," wàá sì gbọ́ ìdáhùn kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Nígbà kan, mo ya ìyá àgbà kan tó sùn lọ sórí àga níbi tó ti ń retí Ọ̀gá. Àwòrán náà dára débi pé mo sáré lọ fi hàn án. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó dáadáa, ó sì fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ń sùn kò lè sọ pé òun kò fẹ́." Fún oṣù kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà.

Nígbà tó di ọdún kẹfà, ojú Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Èmi nìkan ló mọ̀. Yóò kó orí bọ aṣọ dúdú, yóò ní, "Àlàó, wá bá mi wò ó bóyá ó ti dúró dáadáa," kí oníbàárà lè rò pé ó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni. Àárín ìgbà yìí ni ògbifọ̀ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wá bá wa, ọkùnrin kan tí kì í bọ́ akẹtẹ̀ òyìnbó lórí kódà nínú ilé.

Ó ní, "Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ kí ẹ wá ya ọ̀nà mọ́tò tuntun tí wọ́n là kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sápá Ìkòyí-Ilé, ibi tí wọ́n ti la àárín àpáta já. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé."

Ọ̀gá ní, "Ó dára. Ta ni yóò dúró lójú ọ̀nà náà?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ta la ó wá yà?"

"Ọ̀nà."

Ọ̀gá wo ojú mi, mo wo ojú Ọ̀gá. Ó ní, "Ṣé ẹ sọ fún un pé ọ̀nà kì í ṣe èèyàn?"

Ògbifọ̀ ní, "Mo sọ fún un. Ó ní ó rẹwà."

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa ojú. Ó ní òun kò lè lọ, nítorí òyìnbó yóò rí i pé òun kò ríran mọ́, iṣẹ́ sì tán nìyẹn. Ó ní, "Ìwọ ni yóò lọ. Bí òyìnbó bá gba àwòrán yẹn lọ́wọ́ rẹ, ọjọ́ náà ni n óò fún ọ lómìnira." Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ rí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Mo ti di ọkùnrin, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi, ọmọbìnrin kan ń dúró dè mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò sì lè gbé e níyàwó tàbí kí n dá ṣíṣẹ́ láìjẹ́ pé Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Bí mo ṣe wọ mọ́tò nígbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Ajẹ́lẹ̀ àti ògbifọ̀ wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn, kámẹ́rà wà lórí itan mi, àpótí tí a kó gíláàsì mẹ́fà sí wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí a bá ti gun òkè báyìí, ajẹ́lẹ̀ yóò dá mọ́tò dúró, yóò nawọ́ síta, yóò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ògbifọ̀ yóò ní, "Ó ní kí o wo bó ṣe rẹwà." N óò wò ó. Igi ni mo ń rí, àti koríko, àti òbúkọ kan nígbà kan. Mo tẹjú mọ́ ọn títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo rò pé bóyá mò ń wo apá ibi tí kò yẹ. Níbi kan, ajẹ́lẹ̀ dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó ní kí n ya òun, inú mi sì dùn, nítorí ó jọ pé ẹni tó mọ ohun tí fótò wà fún ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Gíláàsì kan lọ bẹ́ẹ̀.

A sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti kọjá Sábó dáadáa, mọ́tò kọ lu kùkùté tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀nà. Mo fò sókè, àpótí náà fò sókè, èmi nìkan ni n kò fọ́. Mo ṣí i: mẹ́rin ti rún wómúwómú. Gíláàsì kan ṣoṣo ló kù fún ohun tí a torí ẹ̀ wá. N kò sọ fún ajẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, n kò ní purọ́, ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti la àpáta sí méjì, ó ga ju ilé alájà lọ lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà pupa sì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Àwọn ará abúlé tí wọ́n fi tipátipá kó ló fọ́ òkúta yẹn. Ajẹ́lẹ̀ ní kí n dúró kí oòrùn yí díẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó wọ igbó lọ wá ẹtù. Ògbifọ̀ na ara rẹ̀ sínú mọ́tò, ó sùn.

Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀, òfin Ọ̀gá sì wá sí mi lọ́kàn. Ta ni n óò kí? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ ṣí ojú ẹ̀rọ láìkí ẹni tí mo fẹ́ yà. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún òkúta ni? Mo dúró níbẹ̀ bí òmùgọ̀. Ibẹ̀ ni bàbá kan ti yọ láti inú igbó pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ kí n kí nítorí ibí yìí? Wọ́n ní kí n yà á."

Ó ní, "Èmi ni. Àkànní lorúkọ mi. Ilẹ̀ bàbá mi nìyí. Ibi tí o gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn lé, orí ebè iṣu ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá ajẹ́lẹ̀ pé kí ọ̀nà yà kúrò lórí ilẹ̀ wa."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnì kankan." Ó wo kámẹ́rà. "O ní o fẹ́ ya ilẹ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé kò wá yẹ kí n wọṣọ?"

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ohun tí mo ti ń wá látàárọ̀ ló dé yìí. Ọ̀rọ̀ gbogbo wá tọ́ lójú mi: ilẹ̀ ní onílẹ̀, mo kí i, ó gbà, ó lọ múra. Kò pẹ́ tó fi padà dé nínú agbádá funfun, ó dé fìlà abetí-ajá, ó fúnra rẹ̀ ru àga lórí. Ó gbé e sáàárín ọ̀nà gan-an, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Oòrùn gba ibi tí àpáta ọwọ́ òsì ti ya wọlé, ó sì ràn sí i lára.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Ó ní, "Kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Mo ṣí ojú ẹ̀rọ, mo pa á dé. Ó tán. Bàbá Àkànní kò tètè dìde. Ó ní, "A ò tíì ya ẹnì kankan rí nílé wa. Ṣé n óò rí i?"

Mo ní, "N óò fọwọ́ ara mi gbé e wá fún yín." Mo ṣèlérí yẹn tinútinú, ó sì ti gbé àga rẹ̀ lọ kí ajẹ́lẹ̀ tó ti igbó dé.

Ní Ọ̀yọ́, nígbà tí àwòrán náà yọ nínú oògùn tí a fi ń fọ fótò, Ọ̀gá gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ní, "Ta ni aláṣọ funfun yìí?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "O kí i?" Mo ní mo kí i. Ó ní, "O ṣe dáadáa." Èmi náà rò pé mo ṣe dáadáa.

Ajẹ́lẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, ó gbé gíláàsì náà sí fèrèsé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ògbifọ̀ ní, "Ó ní ọkùnrin tó ń bá òun ṣẹjọ́ ilẹ̀ nìyí. Bí wọ́n bá rí i nílùú òyìnbó pé ó jókòó sáàárín ọ̀nà, wọn yóò ní ọkùnrin náà ló ni ín. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n padà lọ ya òmíràn. Ó ní lẹ́tà òun ń lọ lọ́la, kò sì sí gíláàsì tuntun ní gbogbo Ọ̀yọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún bàbá náà. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan. Ó lọ, ògbifọ̀ sì jókòó tì wá, akẹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí, pé òun kò ní kúrò àfi bí a bá ṣe é tán.

Ọ̀gá na abẹ sí mi. Ó ní, "Ojú mi kò gbé e mọ́, Àlàó. Ìwọ ni."

Ọ̀gá tó fọ́ gíláàsì nítorí ìyá tó ń sùn ló na abẹ yẹn sí mi. Bóyá ẹ̀rù ló bà á, bóyá ó ń ro òmìnira mi, n kò mọ̀, kò sì sọ fún mi títí tó fi kú. Mo lè kọ̀. Mo lè jẹ́ kí gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ronú kan ọmọbìnrin tó ń dúró dè mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀. Mo họ agbádá, mo họ ọwọ́, mo họ àga. Ojú rẹ̀ ni mo họ kẹ́yìn. Ó dùn mí wọra, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n rárá, ìyẹn ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ajẹ́lẹ̀ gba àwòrán, ó ní ó rẹwà. Nígbà tí bàbá mi dé lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú rẹ̀, ó gbàdúrà òmìnira. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú àdúrà náà.

N kò lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àkànní. Ojú ń tì mí. Òun ló fẹsẹ̀ rìn wá sí Ọ̀yọ́ nígbà tí òjò ọdún náà ń parí lọ, ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn. Mo ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wọlé, ó bọ́ fìlà, ó jókòó. Ó ní, "Mo ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n mú ohun tó kù wá. Mo gbé bébà kan tí mo tẹ̀ lẹ́yìn tí mo họ ọ́ tán fún un: àpáta méjì, ọ̀nà, kò sẹ́nì kankan. Ó wò ó, ó yí i po, ó tún yí i padà.

Ó ní, "Níbo ni mo wà?"

Mo ní, "Bàbá, mo ti sọ fún yín. Wọ́n ní kí n yọ yín."

Ó ń fi ìka tọ bébà náà díẹ̀díẹ̀, láti ilẹ̀ ọ̀nà lọ sára àpáta ọwọ́ ọ̀tún. Ìka rẹ̀ dúró. Ó ní, "Fìlà mi rèé."

Mo dìde wò ó. Òjìji rẹ̀ ni. Ó jókòó lára àpáta náà, etí fìlà abetí-ajá méjèèjì yọ síta, èjìká agbádá, apá àga. Mo ti họ èèyàn kúrò, mo fi òjìji rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ajẹ́lẹ̀ rò pé omi òjò ló ṣàn níbẹ̀. Ẹ máa bi mí bóyá mo gbàgbé ni tàbí mo mọ̀ọ́mọ̀. Mo ti bi ara mi títí ó fi sú mi. Mo rántí pé mo mú pẹ́ńsù lọ́wọ́ kí n kun ibẹ̀. Mo rántí pé mo gbé e sílẹ̀. N kò rántí ohun tó wà láàárín méjèèjì.

Bàbá Àkànní ní, "Àwọn òyìnbó tó fi ránṣẹ́ sí yẹn, ṣé wọ́n rí mi?"

"Wọn ò rí yín, sà."

Ó rẹ́rìn-ín tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ṣì wà níbẹ̀." Ó ká bébà náà sínú fìlà, ó dìde, ó ń lọ. N kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. Mo sìn ín dé ẹnubodè, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ọ̀rọ̀ iṣu ló bá mi sọ.

Ohun tó kù nínú iṣẹ́ mi kò ju bí irinṣẹ́ ṣe ń yí padà lọ. Fíìmù dé, gíláàsì dìgbàgbé. Kámẹ́rà kékeré tí a ń fi okùn kọ́ ọrùn dé. Iná tó ń bù yẹ̀rì dé, a kò retí oòrùn mọ́. Nígbà kan, gbogbo oníbàárà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń fẹ́ aṣọ tí wọ́n ya òkè àti ọ̀nà sí, kí n ta á sẹ́yìn wọn, nígbà tí òkè gidi wà níta. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń gun mọ́tò lọ sí àárín àpáta yẹn, wọ́n ń yà á láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀, wọ́n ní ó rẹwà. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún tó kọjá. Ó rẹwà lóòótọ́. Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹwà lójú mi ni n kò lè sọ.

Kó tó di pé mo fẹ̀yìntì, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó tú ìdì aṣọ kan, ó mú bébà tó ti gbó jáde. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá tó bí bàbá wa ló kú. Ẹ bá wa ya wọn sí ńlá, ká lè gbé wọn kọ́ sí pálọ̀. Fótò tí wọ́n ní kò ju eléyìí lọ."

Àpáta méjì, ọ̀nà, kò sẹ́nì kankan. N kò sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé kámẹ́rà ńlá àtijọ́ jáde, mo lẹ bébà náà mọ́ ògiri, mo kó orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú. Bàbá Àkànní wà níbẹ̀ ní ìdoríkodò, pẹ̀lú fìlà àti àga, ó ń dúró dè mí. Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀rọ. Mo yọrí jáde, mo wo ara ògiri.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, sà."

Mo ṣí ojú ẹ̀rọ.